Pẹpẹ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gbẹ́ Sí Pálọ̀ Mi

Ọdún tí ìjì gbé pátákó àkọlé ṣọ́ọ̀ṣì kan wá já sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Baruwa ni. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí ní kí n dárúkọ ọdún náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà mọ̀ pé a ti bọ́ ìbòmú kúrò lẹ́nu nígbà náà, àti pé pátákó yẹn fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Mo ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín, wọ́n ní kí n máa lò ó, àwọn ti ní kí wọ́n ṣe tuntun. Mo bá gbé e dí ẹnu ọ̀nà ìta, kí ewúrẹ́ má baà máa wọlé.

Ìgbà yẹn náà ni èmi àti àkọ́bí mi obìnrin, tó ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, ń jà lórí àwo. Àwo tánganran ìyá mi ni, mẹ́tàlélógún, àwọn onírin tí wọ́n kùn ní funfun, tó lódòdó nínú. Abẹ́ àga pálọ̀ ni mo tò wọ́n sí. Ọmọ mi fẹsẹ̀ kọ wọ́n, ó ṣubú lé wọn, ayálégbé mi gbọ́ ọ láti yàrá tirẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Màmá, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àwo tí mo bá bá nílẹ̀, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù kiri ni mo máa kó o fún."

Ó sì máa ń ṣe ohun tó bá sọ. Èmi ni mo bí i.

Mo wá rántí ilé bàbá mi. Ilé alámọ̀ ni. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú ògiri, ibẹ̀ ni àwo wà, ibẹ̀ ni fìtílà wà, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Pẹpẹ là ń pè é. Mo bá ránṣẹ́ pe bírìkìlà kan ládùúgbò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ díákónì. Ó dúró wo pátákó ẹnu ọ̀nà yẹn pẹ́ kó tó wọlé.

Mo ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ kó o bá mi gbẹ́ pẹpẹ sí ara ògiri yìí."

Ó ṣí fìlà. "Pẹpẹ, Màmá? Nínú pálọ̀?"

"Níbo ni ì bá tún wà? Kí n ṣáà lè máa rí wọn látorí àga mi."

"Ẹ kú oríire, mà. Wọ́n tó mélòó báyìí?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Wọ́n kúkú pọ̀. Ọlọ́run á máa fi kún wọn."

"Kó má fi kún wọn jàre. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí gan-an, ọmọ mi ní òun máa kó wọn dànù."

Ó yà á lẹ́nu. "Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n gbé e ṣubú ni."

Ó mi orí. "Ẹ máa fi sùúrù bá wọn lò. Ṣé lórí ìjókòó ni wọ́n máa wà àbí lórí ìdúró?"

"Mo máa ń dojú wọn délẹ̀ ni. Àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kéékèèké níwájú."

"Ìdojúbolẹ̀," ó rọra sọ ọ́. "Irú wọn ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí, mà."

"Mo mọ̀. Wọn ò ṣe irú wọn mọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yé àwa méjèèjì. Mo ní kó parí ẹ̀ kí Sátidé tó dé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ayálégbé mi, mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìgandò tí orúnkún ń dùn.

Ọ̀sán Fúráìdé ni mo padà. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Mo wọlé, mo bá ayálégbé mi àti obìnrin mẹ́rin lórí ìkúnlẹ̀ nínú pálọ̀ mi, wọ́n borí, wọ́n kọjú sí ògiri. Bírìkìlà ti yọ búlọ́ọ̀kù kúrò, ó fi irin dábùú òkè kí ògiri má baà wó, ó wá ṣe orí ihò náà rìbìtì bíi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi símẹ́ǹtì ṣe àgbélébùú sókè. Ó mọ àtẹ̀gùn méjì sísàlẹ̀, ó lẹ táìsì funfun mọ́ wọn. Nínú ihò ọ̀hún, kò sí ibi téèyàn lè to àwo márùn-ún sí.

Ayálégbé mi yíjú. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ gba ìpè."

Mo ní, "Ìpè wo? Fóònù mi ti kú látàárọ̀."

"Ìpè Ọlọ́run, mà. Aago mélòó la ó máa ṣe ìsìn?"

Bírìkìlà wọlé láti ẹ̀yìn, ó ń nu ọwọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, kí lèyí?"

"Pẹpẹ ni, mà."

"Àwo mi ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Àwo ọrẹ ni, mà?"

Mo fà á lọ síbi àga, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó bá àwo níbẹ̀, gbogbo wọn dojú délẹ̀. Ó kà wọ́n títí ó fi dé orí mẹ́tàlélógún. Nígbà tó dìde, kò lè wo ojú mi. "Ìjọ yín nìyí," ó wí.

Ẹ̀rín pa mi débi pé orí àtẹ̀gùn rẹ̀ náà ni mo jókòó sí. Ìgbà tí mo rántí pé ọ̀la ni Sátidé ni ẹ̀rín tó tán lẹ́nu mi. Bí bírìkìlà bá ní kí òun wó o tún mọ, símẹ́ǹtì rẹ̀ kò ní gbẹ kó tó dọ̀la. Ó wo ìta títí, ojú ẹ̀ bá pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e wọlé, ó fi ayùn gé e, ó kan igi wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó gbé pátákó lé wọn ní ìpele mẹ́rin. Àwọn obìnrin yẹn bá mi nu àwo. Wọn ò dìde o, wọ́n ní lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló rọrùn. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ́ yìí sọ fún mi pé "Ẹ wá" ni wọ́n kọ sára pátákó òkè, "bí ẹ ṣe wà" sára tìsàlẹ̀.

Ọmọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì tó ṣófo. Ó wo abẹ́ àga, kò rí nǹkan kan. Ó gbójú sókè. Àwo wà lábẹ́ àgbélébùú, wọ́n dojú délẹ̀, wọ́n ń dán. Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó tún fà á padà.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé mi ò lè kó nǹkan kúrò lórí pẹpẹ."

"Mo ti wá mọ̀ báyìí."

Ó ká àpò rẹ̀, ó ní kí n fún òun lóúnjẹ.

Nígbà tó yá tí gbogbo àwọn ọmọ mi péjọ, mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ rán bírìkìlà níṣẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwo lé e lọ́wọ́. Mo sì ní lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó àwo ìyá mi, àtẹ̀gùn ti wà níbẹ̀, kó kúnlẹ̀ kó tó mú un.