Káàdì Tí Ìsàlẹ̀ Rẹ̀ Ṣófo

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà náà. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìwàrà, èmi náà ni wọ́n máa ń rán lọ pe àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ Òṣogbo. Èéyí ti ń mú àwọn ọmọdé ní abúlé tó tẹ̀ lé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá láti Iléṣà nínú kúlà oníyìnyín. Nọ́ọ̀sì ní bí yìnyín yẹn bá yọ́ tán, abẹ́rẹ́ ti bà jẹ́ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí kò tíì gbà á gbọ́dọ̀ gbà á kílẹ̀ tó ṣú.

Káàdì tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ sí kún páálí méjì. Nọ́ọ̀sì á mú ọ̀kan, á kà á. Bí ọmọ náà kò bá tíì gbà á, á ní kí n lọ pe ìyá rẹ̀. Mo lọ, mo bọ̀, ó tún mú òmíràn. Nígbà mìíràn, ilé tó kángun sí èyí tí mo ti ń bọ̀ ni yóò tún rán mi lọ. Nígbà tí oòrùn yóò fi kan àtàrí, ọmọ méje péré la rí.

Mo ní kó dúró ná. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ abẹ́rẹ́ èéyí sí. Mo tẹ́ ẹní, mo da páálí méjèèjì sí i.

"Màmá, ṣé kòkó lẹ fẹ́ sá ni?"

"Kòkó náà ni. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ gbogbo rẹ̀ síta, ká ṣa èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi tẹ́ ẹ. Kò pẹ́ rárá tí a fi ṣà á tán. Ó kọ orúkọ àwọn ìyá sínú bébà, a gbé e fún alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìlú, pé kó kà á nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kà á, àwọn obìnrin tò dé ìdí igi mángòrò tó wà níwájú ilé ìwòsàn.

Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́, má fo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ìlà ṣe ń tán lọ, mo rí obìnrin kan lẹ́yìn, kò pọn ọmọ, kò fa ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ti kú nígbà òjò. Níbi tiwa, a kì í dárúkọ ọmọ tó lọ fún ìyá rẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó yọ káàdì rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣa káàdì náà. Ibi tó ṣófo lojú mi rí, kò lè rí orúkọ.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá.

"Wọ́n pè mí ni. Mo ní bí mi ò bá dáhùn, wọ́n á tún pè mí."

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, a jókòó síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún ọmọ tó kẹ́yìn lábẹ́rẹ́ kí yìnyín tó yọ́ tán.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti ṣa káàdì tán, mo máa ń ní kí nọ́ọ̀sì ka orúkọ wọn sí mi létí kó tó fi ránṣẹ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráhùn.