Ìwọ̀n Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Òórùn kpáyò, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ọ́fíìsì wa ní Gbégamey, nítorí ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà. Tí o bá wọlé tán, ó ku òórùn eruku gbígbóná tó ń jáde lára ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo wa ń tipa rẹ̀ jẹun. Inú ẹ̀rọ kan yẹn la pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí a ń háyà fún àwọn oníṣòwò Cotonou. Oníkálukú ń lo tirẹ̀, kò mọ̀ pé inú yàrá kan náà ni òun àti aládùúgbò òun ń gbé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Pobè ló kọ́ mi. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀, tí a fi ń jí wọn, tí a fi ń pa wọ́n. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, àwọn nìkan ló mọ ibi tí wọ́n á ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀gá wa, ẹgbẹ́ mi kan tó kàwé dé láti ilẹ̀ Faransé, wá gbé irinṣẹ́ mìíràn dé láti òkè òkun. Ó ní kí n wọn méjèèjì wò, kí a mọ èyí tó yára jù. Ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé bí tòkè òkun bá borí, a kò nílò ẹni tó ń tọ́jú tilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bọ̀n, kò burú," wọ́n sì fa àga wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Calavi ni.

Mo kọ́kọ́ fi tòkè òkun jí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà, mo pa wọ́n, mo wá fi ti ẹ̀gbọ́n jí wọn. Ti ẹ̀gbọ́n ló yára jù. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ti bọ́ síta lọ dáhùn fóònù. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo ohun tí tòkè òkun ti forí ṣe fọrùn ṣe kó jáde láti inú dísìkì ṣì wà nílẹ̀ nínú mẹ́mórì ẹ̀rọ, tàwọn kàn wá bá ọbẹ̀ tó ti gbóná lórí iná ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Lọ́jọ́ tí iná bá lọ tó padà dé, àwọn oníbàárà tó ń dúró dè wá á mọ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Pa ẹ̀rọ náà pátápátá, ká tún un wọ̀n. Tó o bá wọn ọ̀kan tán, tún pa á kó o tó kan èkejì."

A tún un wọ̀n. Ti ẹ̀gbọ́n falẹ̀, kì í sì í ṣe díẹ̀. A dán an wò léraléra, ibì kan náà ló ń já sí. Nígbà tí ọ̀gá wọlé, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó ní ó dun òun. Bóyá ó dùn ún lóòótọ́, mi ò mọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ẹ̀gbọ́n ti kó ẹrù wọn sínú páálí. Mo sìn wọ́n dé ìdí ọ̀kadà tó máa gbé wọn, wọ́n sì bẹ̀ mí ní ohun kan péré: "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé mi pé èmi ni mo ní ká tún un wọ̀n." Mo ṣèlérí.

Wọn kò ríṣẹ́ gidi mọ́. Ọmọ wọn kò rówó ilé ìwé san mọ́, ó kúrò ní Calavi. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń fi oògùn tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ gbérí nígbà tí owó oògùn kò sí mọ́, òun ló sì pa wọ́n. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ní Pobè, mo kúnlẹ̀ kí ìyàwó wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àwọn ará ọ́fíìsì yín ti sọ fún mi. Ìwọ lo wọn iṣẹ́ ọkọ mi tó o ní kò tó." Gbogbo àlàyé náà wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, ara á tù mí, ṣùgbọ́n ọkọ wọn tó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n á wá máa bá jà, pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dákẹ́, kò dákẹ́.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Èmi ni."

Aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé ìwé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń tà báyìí, ní ọjà Gbégamey níbí, kò jìnnà sí ọ́fíìsì. Irinṣẹ́ tòkè òkun ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí iná bá lọ tó dé, àwọn oníbàárà wa kì í dúró pẹ́; ẹ̀gbọ́n ló jàre. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá sọ òótọ́ ni òótọ́ ń ná ní nǹkan, ó parí. Mi ò mọ̀ pé àwọn tí kò sí nínú yàrá náà rárá ló máa san èyí tó pọ̀ jù. Tí mo bá ń kọjá láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí ìyàwó wọn lójú gbogbo ọjà. Wọ́n á máa ká kakí wọn, èmi á dìde, màá gbọn eruku orúnkún mi, màá sì lọ jókòó ṣiṣẹ́ lórí àga tí ọkọ wọn fi sílẹ̀.