Ìbọn Tí Daddy Ń Gbé Kiri ní Thamesmead

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Daddy Akínọlá bá mi sọ láyé yìí ni, "Ìbọn tìẹ dà?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí kékeré tó wà lára ògiri, mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, èmi ni carer yín tuntun." Bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni wọ́n. Wọ́n dúró sí kọ́rídọ̀, wọ́n ti wọ kóòtù, wọ́n ti dé fìlà òtútù, wọ́n wá ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé mo gbàgbé bùbá mi sílé. "Wọn ò fún ẹ ní ìbọn ní ọ́fíìsì ni?" Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo sọ nínú ara mi pé, Bùkọ́lá, o ti wọ gàù. Ṣé torí èyí ni mo ṣe fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta wá ṣe care ní London?

Mo sá jáde, mo pe ọmọ wọn lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni Sister Rónkẹ́, ẹgbẹ́ mi ni, orí iṣẹ́ ló wà, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sì ti lọ sílé ìwé.

"Kò sí ìbọn kankan nílé yẹn, jọ̀ọ́ má sá lọ," ló sọ. "Béárì ni Daddy ń bẹ̀rù."

"Béárì? Ní Yarnton Way, nínú London níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Alásíkà l'Amẹ́ríkà ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọ́n ń wá kùsà inú ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ awakùsà, nínú igbó tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ilé, tó jẹ́ pé béárì ló nibẹ̀. Nígbà tí ìyàwó wọn kú, tí àrùn ìgbàgbé sì ti bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Thamesmead. Wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé Mummy ti kú. Wọn ò gbàgbé ìbọn ìléwọ́ wọn.

Ní tèmi o, béárì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní Sunday school, tó fa àwọn ọmọ tó ń fi orí pípá àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́ ya. Ṣùgbọ́n Mummy Dúpẹ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ care ti kìlọ̀ fún mi: "Ẹni tí ìrántí ń sá fún, a kì í bá wọn jiyàn. Tí wọ́n bá ní ọjà Dùgbẹ̀ làwọn ń lọ, ìwọ sáà bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rà." Mo bá padà wọlé, mo jókòó, mo ní, "Daddy, ẹ sọ nípa ìbọn yẹn fún mi. Bàbá bàbá mi, ìbọn gígùn ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìbọn ìléwọ́ ni tiyín?"

Wọ́n pòṣé. "Ọdẹ ń wá ẹran lọ. Èmi ń wá òkúta lọ, mi ò fẹ́ fojú kan ẹran kankan. Òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òkúta wà lọ́wọ́ òsì. Ìbọn gígùn, wàá gbé e ti igi kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́lẹ̀. Béárì wá yọ. Ṣé wàá bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, kó o lọ mú un wá?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gbé e: àpò awọ kan báyìí, àyà ni wọ́n ń so ó mọ́, kì í ṣe ìbàdí, torí okùn ẹrù tó wà lẹ́yìn wọn ló máa ń bo ìbàdí. Tí wọ́n bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá lọ ṣe gáà, ó wà níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbani," ni wọ́n sọ. "Ẹnu ni." Níbi tí igbó bá ti dí, tàbí tí odò bá ń pariwo tí kò jẹ́ ká gbọ́ ìró ẹsẹ̀, àwọn òyìnbó á máa pariwo kí béárì lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Daddy ní tàwọn, "Àgò o! Àgò onílé o!" làwọn máa ń ké. "Ilé wọn la wọ̀, àbí? Èyí tó bá gbóhùn ẹ yóò yà fún ẹ. Èyí tó o bá ká mọ́ ló ń bani jà." Nínú gbogbo ọdún yẹn, wọn ò yìnbọn lu béárì kankan rí. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn jù nìyẹn.

Dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn, torí ẹsẹ̀ wọn ń wú. Bẹ́ẹ̀ láìsí ìbọn, Daddy ò ní ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Wọ́n á di férémù ilẹ̀kùn mú, wọn ò ní fi í sílẹ̀. "Ọmọ mi, ta ní í wọ irú igbó yẹn lọ́wọ́ òfo?" Kí wá ni kí n ṣe? Mo gbé okùn tí kò sí kọ́ wọn léjìká, mo dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà wọn, mo fà á le díẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀." A bá jáde.

Háà, ẹ ò bá rí wọn létí adágún Thamesmead! Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ṣòkòtò fún tán ló wá ń rìn níwájú mi, tí wọ́n na àyà, tí wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà tí wọn ò rí iwájú, "Àgò o!" Ọmọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Tí a bá padà délé, òfin àgọ́ wọn ní Alásíkà ṣì wà: kí ẹnikẹ́ni tó wọlé jẹun, á kọ́kọ́ tú ìbọn rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ àgọ́, á wá na ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo ayé rí i pé ó ti ṣófo. Èmi ni mò ń ṣọ́ àgọ́. Mo máa ń gba afẹ́fẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo máa gbé e sórí fìríìjì. Mi ò gbádùn iṣẹ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Sister Rónkẹ́ ká wa mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ó fà mí sí kíṣìnnì.

"Bùkọ́lá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, jáwọ́ nínú eré yìí. Ọkùnrin dúdú ni bàbá mi. Tí wọ́n bá fọwọ́ bọ àyà báyìí níwájú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ní àwọn gbé ìbọn, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ọlọ́pàá á pa wọ́n ni. Wọn ò ní béèrè ọjọ́ orí wọn."

"Tí mi ò bá so ó, wọn ò ní jáde. Tí wọn ò bá jáde, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kí n tì wọ́n mọ́lé?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àdéhùn tá a jọ ṣe ni pé etí adágún nìkan la ó máa lọ, a ò ní dé àárín èrò. A sì pa á mọ́, títí ẹsẹ̀ Daddy fi wú kọjá bàtà wọn, tó di dandan kí wọ́n lọ wọ òmíràn wò ní ṣọ́ọ̀bù. Powis Street, òpópónà ọjà, la lọ, lọ́sàn-án Sátidé, èrò bíi eéṣú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà tán ni. Ajá ńlá kan, irun rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, sáré jáde láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù kan, ó já mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Daddy fi apá òsì gbá mi sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti bọ́ sínú kóòtù. Wọ́n fi èdè òyìnbó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ pariwo pé, "Ẹ dúró lẹ́yìn mi! Ìbọn wà lọ́wọ́ mi!"

Ajá ti lọ. Àwọn èèyàn ni kò dúró. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ sá, ìyókù tẹ̀lé e, ẹnì kan ti pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá London kì í sábà gbé ìbọn. Àwọn tó ń gbé e ni wọ́n rán sí wa. Mo ṣì ń bẹ Daddy pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ nígbà tí mo gbóhùn wọn: "Ọwọ́ ẹ! Jẹ́ ká rí ọwọ́ ẹ!" Mo wo ẹ̀yìn. Ẹnu ìbọn mẹ́ta ló kọjú sí wa.

Mo pariwo pé àìsàn ló ń ṣe Daddy, pé kò sí nǹkan kan nínú kóòtù. Àwọn ọlọ́pàá ní kí n kúrò níbẹ̀. Kúrò lọ síbo? Ọwọ́ Daddy ṣì wà láyà. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín."

"Kò tíì lọ," ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ń wo àwọn ọlọ́pàá.

Mo bọ́ síwájú Daddy, mo kẹ̀yìn sí ìbọn, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. "Daddy, a ti délé. Àgọ́ rèé. Ẹ fún mi, kí ẹ lè wọlé jẹun."

Daddy yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣí i sínú ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na apá méjèèjì sókè, ìka ya gbàrà, gẹ́gẹ́ bí òfin àgọ́.

Àwọn ọlọ́pàá yẹ ara Daddy wò, wọn ò rí nǹkan kan àfi áńkáṣíìfù. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé ni, bẹ̀ wá, ó tún bá wa gbé bàtà tó já bọ́. Daddy di apá mi mú títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé okùn wá bí i ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ọwọ́ mi sẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Mo ti dá a padà. Iṣẹ́ ti tán." Mo ní mo ti bá wọn gbà á wá. Wọ́n mi orí. Mo fi oúnjẹ bẹ̀ wọ́n, mo fi orin ìsìn bẹ̀ wọ́n, mo ní ká kàn dé ẹnu ọ̀nà ká padà. Rárá. Daddy ò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ wú, àyà gba òtútù, wọ́n di ẹni orí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò ó pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Sister Rónkẹ́ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "O ti gba ẹ̀mí bàbá mi là. Ẹ̀mí là ń sọ."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mò ń nu ojú wọn. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ojú wọn mọ́ bíi ti ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

"Bùkọ́lá." Wọn ò pe orúkọ mi rí. "Ṣé àwọn ọmọkùnrin yẹn ti lọ?"

"Àwọn wo, Daddy?"

"Àwọn ọlọ́pàá tó nàbọn sí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo gbé láàárín béárì, kò sí èyí tó ṣe mí báyìí. Wọn ò jẹ́ kí n lè jáde."

Daddy mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti mọ̀, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, tí mo rò pé ìgbàgbé ni. Mo ní, "Wọ́n ti lọ, Daddy." Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo tì í, mo jókòó tì wọ́n títí èémí fi dá.

Sister Rónkẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bàbá òun sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ. Mo ní rárá, wọ́n kàn sùn ni. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, dúdú bíi bàbá wọn àgbà, ti ga jù mí lọ, Powis Street ni wọ́n ń gbà lọ sílé ìwé lójoojúmọ́.