Bí A Ṣe Jà fún Òkè Ààbò

Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílùú wa, lápá Ṣakí, nígbà ọyẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nípa ìlú olókùúta tí àwọn baba ńlá wọn kọ́ sórí òkè, tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni bà jẹ́. Ẹnu ẹ̀ ni mo wà tí nǹkan dún gbì, tí fèrèsé kíláàsì mì. Òkè Ààbò ni wọ́n ń fọ́.

Inú ihò òkè yẹn làwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà ṣì wà lára òkúta. Ìjọba ti ri pátákó mọ́ ẹsẹ̀ òkè náà pé ohun àjogúnbá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ kan kó katapílà dé, wọ́n ń fọ́ ọ tà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo bá kó ìlú jọ. Ìyá Sàláwù, àgbẹ̀ oníṣu tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bi mí pé, "Tíṣà, ṣé wọn ò ní lù wá?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù. Òfin wà lẹ́yìn wa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà, típà tó ń kó òkúta ò rí ibi kọjá. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ wọn.

"Màmá, ẹ dìde. Ìjọba ló ni òkúta."

Ìyá Sàláwù ò mira. "Ìjọba ló kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn pé ká má fọwọ́ kàn án. Ìjọba wo ló wá rán ẹ níṣẹ́?"

Ọ̀gá náà yíjú padà, ó juwọ́ sáwọn ọlọ́pàá rẹ̀, ni wọ́n bá ń ju gáàsì tajútajú sáàárín wa. Gbogbo wa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá ò lè tètè dìde, àwọn tó ń sá sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, èmi àti Sìkírátù ọmọ wọn la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Itan wọn ti ṣẹ́. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi kú.

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, Sìkírátù dúró níwájú mi. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní òfin wà lẹ́yìn wa. Ibo ló wà lọ́jọ́ yẹn?"

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo gbé iléeṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lórúkọ ìlú.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ dá iṣẹ́ náà dúró. Ihò náà ti di òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ti kó o lọ síbi tí a ò mọ̀. Ìdajì òkè tó ṣẹ́ kù ni a rí gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní akíkanjú, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi náà sá lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fọ́ òkè náà ńkọ́? A ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Mo ti kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ ìjọba lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yin ẹ máa béèrè lọ.