Àwọn Ẹyẹ Inú Fíìmù Bàámi

Tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Lurup, ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì níbí, láàárọ̀, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó máa ń fò kọjá lókè orí wa, wọ́n á máa ké bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti há. Àwọn tá a jọ ń dúró kì í gbójú sókè. Ní tèmi, ojú ẹsẹ̀ ni òórùn iyanrìn tútù máa ń dé sí mi nímú, tí n óò sì gbàgbé pé Altona ni mò ń lọ, láti lọ nu ilẹ̀ ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí síhìn-ín, ó lè yà yín lẹ́nu pé omi wà nínú aṣálẹ̀. Ìlú tí mo gbé dàgbà wà lókè Nguru lọ́hùn-ún, ní òkè Ọya, níbi tí iyanrìn ti ń bá èèyàn jẹun. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàámi ti lọ síbẹ̀ láti máa ya fọ́tò. Adágún kan wà lẹ́yìn ìlú, iyanrìn ló yí i ká. Tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ẹyẹ á ya bò ó: lékelèke, pẹ́pẹ́yẹ igbó, àti àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn pupa, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bàámi ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo rò pé àwàdà ni.

Fíìmù la fi ń ya fọ́tò nígbà náà. Tí àwọn oníbàárà bá ya tiwọn tán, tó wá ku díẹ̀ lórí fíìmù, Bàámi kì í fẹ́ kó ṣòfò, wọn kò sì lè gbé e lọ fọ̀ ní Kano láìjẹ́ pé ó parí. Àwọn ẹyẹ ni wọ́n máa ń fi parí rẹ̀. A ó jí ní ìdájí, a ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn bí ẹni tó ń kí ọba. Oòrùn á yọ, omi á pọ́n bí epo, àwọn ẹyẹ á dúró jẹ́ẹ́ lórí òjìji ara wọn. Bàámi á fa èémí sínú. Ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́, nítorí ìka Bàámi kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kámẹ́rà tí ẹnu wọn kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà.

"Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín!"

Fùú! Gbogbo ẹyẹ ti gbéra.

"Bàámi, ẹ tún ti sọ̀rọ̀!"

"Àbí mo sọ̀rọ̀ ni?"

Gbogbo fọ́tò ẹyẹ tó wà nílé wa, ìdí àti ìyẹ́ ni. Màámi á ní, "Àwọn oníbàárà yín yìí gbọ́n o. Wọ́n sá kí wọ́n tó sanwó."

Berlin ni mo kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń dirun ní Schöneberg, kí n tó ríṣẹ́ ní Hamburg. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jẹ́ kí n lè lọ sílé. Mo wá fi ìyẹn ṣe àwáwí, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, n kò ní pe ilé. Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Ìwọ, ṣé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ ní Hamburg ni? Ojú Bàámi ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹyẹ tó dúró, ẹyọ kan péré, kí ojú tó di. Wọ́n ní ìwọ lo wà nítòsí àwọn ẹyẹ náà."

Ojú tì mí. Ní ọjọ́ Sunday, mo lọ sétí odò Elbe kí oòrùn tó yọ, mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn tó tutù ju tiwa lọ. Ìmọ́lẹ̀ ibí kì í yára. Nígbà tó dé, pẹ́pẹ́yẹ igbó méjì dúró sínú rẹ̀. Mo fi eyín tẹ ahọ́n mi mọ́lẹ̀, mo yà á. Àwọn ẹyẹ náà kò tilẹ̀ mira.

Mo fi ránṣẹ́, mo sì pe Bàámi. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"Ó dúró," wọ́n ní. "Ó mà dúró dáadáa o." Wọ́n tún wò ó. "Ṣé o ò bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n á sá lọ."

"Háà. Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀, o ò kí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ní adágún yẹn ti fà sẹ́yìn, pé wọ́n ti ń ta káàdì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù Bàámi. Fóònù tí mo fi ya ẹyẹ kò ní fíìmù tí èèyàn máa jí ní ìdájí lọ parí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ṣì ń kọjá ní Lurup. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn báyìí, n óò gbójú sókè, n óò sì sọ ọ́ síta, kí ìyá arúgbó tá a jọ ń dúró máa wò mí bó bá ṣe wù wọ́n: "Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín!"

Kí bọ́ọ̀sì tó dé, mo ti pe Bàámi.