Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹbu

Etí mi òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, apá ọ̀tún mi ni kí ó jókòó sí. Àbúrò ọkọ mi ló fọ́ etí náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, nínú pálọ̀ mi ní Òkìtìpupa, ní ọ̀sán gangan, nítorí pé mo sọ ohun tó ń mú kí kọ̀ǹpútà gbóná fún un. Àwọn ẹbí ọkọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ọkọ mi ti kú, ẹni tó kú kì í jẹ́jọ́. N kò pe òkú lẹ́jọ́. Ohun tó ṣe nígbà tó wà láàyè ni mò ń kọ.

Físíìsì ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kan, Físíìsì ní èdè Yorùbá, tí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ máa jẹ́ ohun tí ọmọ Ìkálẹ̀ ń rí lójoojúmọ́: ìdí tí epo fi ń léfòó lórí omi, bí púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ṣe ń gbẹ lókè iná, ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ onígi rì. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi nítorí ìwé náà. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Kò tíì pẹ́ tí mo tẹ orí tó kẹ́yìn sínú rẹ̀ tí ikán fi jẹ àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ọwọ́ kọ, tó fi wá jẹ́ pé inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni iṣẹ́ ọdún mẹ́fà mi wà.

Ní ilé wa, ohun tó bá níyì gbọ́dọ̀ wọṣọ. Tẹlifíṣọ̀n wọṣọ, rédíò wọṣọ, aṣọ wà lórí fíríìjì. Èmi náà, tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ ní bí ooru ṣe ń rìn, mo jókòó, mo fi òwú funfun hun aṣọ aláràbarà, mo sì fi bo kọ̀ǹpútà náà láti orí dé ẹ̀yìn. Inú mi dùn sí i. Mo gbà pé ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi yìí, mo fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta. Mo nà án lẹ́gba nígbà tó jí ìwé ẹlòmíràn wò nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà àgbà ló jẹ́ fún mi nínú agboolé. Bọ̀dá ni mò ń pè é, ẹ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun a máa pè mí ní Ìyàwó, a sì máa fi o dá mi lóhùn. Ọmọ tó ń dìde kí mi ní kíláàsì láàárọ̀, èmi náà ni mò ń kúnlẹ̀ kí i lálẹ́.

Ẹ̀yìn fèrèsé pálọ̀ mi ló kọ́ ẹbu rẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n sì ń fún epo. Ibẹ̀ ni mò ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fa gbogbo rẹ̀ tu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ihá ẹyìn ni wọ́n fi ń dáná, èéfín rẹ̀ sì dúdú, ó lọ́ràá, ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo bẹ ọkọ mi pé kí ó bá a sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ mi, ó mọ òfin. Ó ní, "Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni." Kò fọwọ́ kàn mí rí, ọkọ mi. Wọ́n máa ń sọ ìyẹn níṣojú mi bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń bá ọmọbìnrin mi ṣiṣẹ́ ló ti fi géèmù kan sínú kọ̀ǹpútà náà kí ó tó gbé e wá. Ọkùnrin kan ló ń gbé ìbọn rìn nínú ilé gbọọrọ, tó ń yin gbogbo ohun tó bá yọjú. Ẹ̀jẹ̀ á ta sára ògiri. Láti ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi ti rí i, pálọ̀ mi di ojú ogun. Bó bá ti kúrò ní ẹbu ní ọ̀sán, kò ní fọwọ́, á bọ́ ẹ̀wù, á jókòó sórí àga mi, á máa fi ìka elépo tẹ kíbọọ̀dù mi. Á máa bú àwọn tó ń pa. Á máa rẹ́rìn-ín.

Ó ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwòrán á kàn dúró gbagidi, ìró ìbọn kan ṣoṣo á máa tún ara rẹ̀ pè, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ó kọ́kọ́ ní iná ni. Ó gbé ẹ̀rọ amúnáṣedéédéé tó tóbi wá, ó tún kú. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ta á nípàá, ó tún kú. Ló bá mú ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe nítòsí ọjà wá. Ọkùnrin yẹn kò ṣí nǹkan kan. Ó gbé etí lé e, ó ní inú ẹ̀rọ náà ti kún jù, bí ẹni tó jẹun yó tí wọ́n tún ní kó sáré. Àbúrò ọkọ mi yíjú sí mi.

Ó ní, "Ìwé rẹ ló kún inú rẹ̀, Ìyàwó. Tó bá fi máa di Àìkú, màá pa á rẹ́."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń ka ìwé ìròyìn.

Nítorí náà mo ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi hàn pé ìwé mi kọ́ ló ń pa kọ̀ǹpútà. Mo mú aago tí a fi ń wo eré sísá ní ilé ẹ̀kọ́ jáde. Ní Ajé, mo tẹ̀wé fún wákàtí mẹ́ta, kò kú. Ní Ìṣẹ́gun, òun ṣeré, ó kú ní ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ní Ọjọ́rú, mo yọ aṣọ tí mo hun kúrò lára rẹ̀, mo kọ ojú fáànù onídùúró sí i lẹ́yìn, mo ní mo fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí Bọ̀dá ni. Ó ṣeré kọjá ogójì ìṣẹ́jú kó tó kú. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo yára fa ọwọ́ mi. Ìkòkò orí iná ni. Ìwé kì í gbóná. Eré yẹn ló ń mú ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ àṣekú, ooru rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó wà ní ẹbu, mo yọ iná, mo tú àwọn ìṣó rẹ̀. Fáànù kékeré kan wà lórí ọpọlọ rẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti wọ ẹ̀wù dúdú, ó ki bí ìdí ìkòkò, kò lè yí dáadáa mọ́. Mo fi èékánná ha á, mo gbé e sí imú. Òórùn ẹbu. Èéfín ihá ló ń gba fèrèsé wọlé, fáànù ń fà á, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀, aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi hun sì dé gbogbo rẹ̀ pa. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lémi nìkan. Mo rò pé òótọ́ tó.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: mo sọ ọ́ lójú àlejò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó mú àwọn obìnrin méjì tó ń wá ra epo láti Ìlútítun wọ pálọ̀ kí wọ́n lè wo géèmù. Ó ń fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún wọn. Mo mú ìdọ̀tí dúdú tí mo ha jọ sínú bébà, mo nà án sí i.

Mo ní, "Bọ̀dá, kì í ṣe ìwé. Èéfín ẹbu yín ló ń pa á."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi dìde, ó bi mí bóyá mo rò pé inú kíláàsì ni mo ṣì wà. Kí n tó la ẹnu, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bá etí mi òsì. Mo gbọ́ ohun kan tó já nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohunkóhun ní apá ibẹ̀. Mo fi orí lu igun tábìlì, mo ṣubú. Ó fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà lẹ́ẹ̀mẹta, mo kà á. Ó fa okùn kíbọọ̀dù yọ, ó fi nà mí lẹ́yìn, bí mo ṣe nà án lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi bó ṣe ń nà mí. Àwọn obìnrin náà ló dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí mi sàn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọkọ mi sọ ni, "Ó tó, ó tó." Kò ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló jókòó sórí àga ńlá, obìnrin tó ń ṣáájú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò béèrè etí mi. Ó ní mo tàbùkù ọmọ ilé lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ ọkọ rẹ."

Àbúrò ọkọ mi ló ń pè ní ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀. Ìhà mi kò jẹ́ kí n mí dáadáa. Àbúrò ọkọ mi jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀, ó sì ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n bí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, òun á pa ìwé náà rẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn lọ sin Ọlọ́run. Mo ní etí ń dùn mí. Ọmọbìnrin mi ti fi díìsìkì mẹ́fà, tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé, rán awakọ̀ sí mi láti ìgbà tí mo ti ránṣẹ́ sí i nípa ikán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti sípíríìtì fọ fáànù náà títí ó fi funfun. Mo ki okùn kíbọọ̀dù padà, mo tan kọ̀ǹpútà, ó ń mí wẹ́rẹ́. Mo pín ẹ̀dà ìwé mi sínú díìsìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo wé wọn sínú ọ̀rá, mo rì wọ́n sínú agolo gàrí.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N kò dúró. Mo tún ṣí ẹ̀rọ náà. Okùn tín-ín-rín kan ló ń gbé iná lọ sí fáànù yẹn, ẹnu rẹ̀ kò ju ọmọ àgbàdo lọ. Mo fà á yọ. Mo pa ìwé mi rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ náà fúnra mi, mo dé e padà, mo ká aṣọ tí mo hun sí méjì, mo fi bò ó lẹ́yìn.

Ó wọlé tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Mo ti pa á rẹ́ fún yín, Bọ̀dá. Inú rẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹ wá ṣeré."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní mo ti ń gbọ́n. Mo fa àga mi sún mọ́ ilẹ̀kùn, mo gbé ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, mo ń bó o, aago eré sísá wà lábẹ́ ìró mi. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, àwòrán dúró. Ó tún un tàn. Ní ìṣẹ́jú kejì, ó tún dúró. Ó tún un tàn, òórùn ike tó ń jó sì gba pálọ̀ kan. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ojú rẹ̀. Ó bú u, ó bú ìyá ẹni tó ṣe é. Ó wá gbé àpótí ìjókòó, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ la á mọ́ dígí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn dígí yẹn kì í ṣe afẹ́fẹ́, òfìfo ni. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Ó bú gbàù bí ìbọn, dígí fò, ó sì gé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri mi bíi tinú géèmù.

Ó pè mí. Tíṣà ló pè mí, kì í ṣe Ìyàwó. Mo bó ẹ̀gúsí tó kù ní àtẹ́lẹwọ́ mi tán kí n tó dìde. Lẹ́yìn náà mo fa aṣọ funfun náà, mo fi di apá rẹ̀ pinpin, torí n kò fẹ́ kí ó kú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìka rẹ̀ méjì kò ká mọ́.

Wọ́n tún pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí ní ohun tí mo ṣe sí ẹ̀rọ náà. Mo ní mo yọ fáànù rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, kò yé wọn. Àbúrò ọkọ mi nìkan ló yé. Ó gbójú sókè, ó wò mí, kò sì sọ fún wọn títí ìpàdé fi tú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n kúnlẹ̀. Mo yí etí òsì sí i. Ó tún un sọ. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Mo gbé agolo gàrí mi, mo padà sílé bàbá mi ní Ìkọ̀yà lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n má bínú. Ìwé ìròyìn wà lábíyá rẹ̀.

Díìsìkì márùn-ún ló ṣí. Ẹ̀kẹfà, tí orí ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò ṣí títí dòní, mo sì ń fi ọwọ́ tún un kọ. Àbúrò ọkọ mi ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí pé kí n jọ̀ọ́ dárí ji òun, àgbà ti dé sí àwa méjèèjì. Ẹni tó rán wá jókòó sí apá òsì mi. Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.