Ohùn Tó Ki Àwẹ̀ró

Ta ló ki Àwẹ̀ró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Mo ti gbàdúrà lórí ìbéèrè yìí, mo ti gbààwẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n kọ́ mi láti kékeré ni pé ẹni tó kú ti sinmi, kì í padà wá bá alààyè sọ̀rọ̀. Ohun tí èmi náà fi ń kọ́ àwọn ènìyàn nìyẹn. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, n ò tíì rí ìdáhùn.

Àmọ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Kì í ṣe ẹni ńlá. Òun ló ń tọ́jú ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé ní àdúgbò Under G, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà, òun ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ló ń bá wọn jà tí wọ́n bá da omi ìrẹsì láti òkè sórí aṣọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà la jọ ń lọ, kíláàsì mi ló sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ké pé òun ò rí omi wẹ̀, á ní, "Ṣé kí n sunkún fún ẹ ni, kí o fi bọ́jú?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Fèyíkẹ́mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá kan bàbá kan. Ojú wọn ò jọra púpọ̀, àmọ́ ohùn wọn jọra débi pé ìyá tó bí wọn kì í dá wọn mọ̀ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni Fèyíkẹ́mi ní Ọ̀yọ́. Ilé àwọn tó ń fín igbá, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, ló fẹ́ ọkọ sí. James lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwatómisìn, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba ní kónílé ó gbélé, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, Fèyíkẹ́mi ní òun ò lè máa ti ọ̀dọ̀ aláìsàn bọ̀ wálé kí òun sì máa dì mọ́ ọmọ. Ó gbé Tómisìn wá fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ló kàn án. Ó kó ìwé rẹ̀ wá, ó gbé rédíò kékeré kan wá, ó sì mú fóònù tọ́ọ̀ṣì kan dání tí ojú rẹ̀ ti dúdú kurukuru nígbà tó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Èèyàn ò lè rí nọ́ńbà ẹni tó ń pè lójú rẹ̀. Bọ́tìnnì kan péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń gbé ìpè. Ìyá rẹ̀ ní ìyẹn náà tó, ṣebí òun lòun á máa pè é.

Ẹni tó bá mọ Under G, ariwo ló mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dún yẹn, ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kankan ò dún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sáré lọ sílé, wọ́n rò pé àwọn ò ní pẹ́ padà. Sílípáàsì wọn ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, bí ẹni pé àwọn tó ni ín wà nínú ilé. Aṣọ wọn wà lórí okùn, oòrùn bó àwọ̀ wọn dànù. Nínú yàrá kan lókè tí ẹni tó ni ín tì pa, aago kan ń dún láràárọ̀, ó ń jí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tómisìn á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní bá a jí wọn ni?" Àmọ̀kẹ́ á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Orí rédíò ni àwọn ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Olùkọ́ á bèèrè ìbéèrè, á dákẹ́ díẹ̀, Tómisìn á dáhùn sókè, olùkọ́ á sì ní, "Ó dára púpọ̀!" Lọ́jọ́ kan tí mo gbé iṣu lọ fún wọn, ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Wọ́n bi í pé ẹsẹ̀ mélòó ni ewúrẹ́ ní, ó pariwo pé mẹ́fà. Rédíò dákẹ́. Rédíò ní, "Ó dára púpọ̀!"

Tómisìn yíjú sí mi. "Mọ́mì Philip, ṣé wọ́n ń gbọ́ mi báyìí?"

Mo ní, "Wọn ò gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹnì kan á máa dáhùn níbì kan ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Àǹtí ní wọ́n ń gbọ́."

"Mo fi ń gbà á níyànjú ni o," ni Àmọ̀kẹ́ ké láti ibi tó ti ń bó iṣu. "Mọ́mì Philip, ẹ̀yin náà ò wá lè purọ́ díẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Nínú pálọ̀ mi ni mo ti ń dá kọrin, tí mo ń dá gbàdúrà, tí mo ń dá ṣe Àmín. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún Olúwa, mo wá dákẹ́ díẹ̀. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo rántí rédíò. Mo sáré dìde. N ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Fèyíkẹ́mi máa ń pe ọmọ rẹ̀. Kó tó kí i, á kọ́kọ́ kì í. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó ló ń kọ́ oríkì ilé ọkọ, òun ló sì ń fi í jí ọmọ, torí ilé bàbá lọmọ ń jẹ́. Àmọ̀kẹ́ máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn náà ń jáde wínníwínní nínú fóònù: Àwẹ̀ró, ọmọ a-fi-abẹ-kọ̀wé-sára-igbá. Èyí tó kù, kò gbọ́ ọ já.

Nínú òjò ọdún náà, James pe Àmọ̀kẹ́. Fèyíkẹ́mi ti ń wúkọ́, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn sí, ó sì ti kú. Wọ́n ti sin ín. Ẹnikẹ́ni ò wẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn. James dúró lókèèrè, ó ń wo àwọn tó bo ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí ìjókòó ọ̀fọ̀, torí èèyàn ò gbọdọ̀ péjọ. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n má túfọ̀ fún ọmọ náà, kó ṣe ìdánwò tán ná. Kò sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Lójú wa, ìkẹ́ ni irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọmọ náà ń retí ìpè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù ò dún, kò jẹun. Ọjọ́ kejì, kò jẹun, kò tan rédíò. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ sọ fún James, James ní, "Àmọ̀kẹ́, ṣebí ohùn kan náà lẹ ní. Pè é."

Ó gòkè lọ sí yàrá tó ṣófo, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ nọ́ńbà. Ó gbọ́ tí fóònù dún nísàlẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gbé e, ó rántí pé ó yẹ kí òun kì í. Ó ní, "Àwẹ̀ró," kò wá rántí èyí tó kàn. Ìlà kan péré ló mọ̀ nínú ti Ọ̀yọ́, ìyẹn náà sì fò ó ru. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi jí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló sọ: "ọmọ ọdẹ, ọmọ a-rí-ipa-ẹsẹ̀-mọ-ibi-ẹran-gbà."

Ọmọ náà dákẹ́. Àmọ̀kẹ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Àwọn méjèèjì jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni Àmọ̀kẹ́ ń gòkè. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà mi, ìbòmú lẹ́nu àwa méjèèjì. "Ẹ̀rù ń bà mí, Mọ́mì Philip. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, á ní, 'Àǹtí, Mọ́mì ní kí n kí yín o.' Èmi tí mo sọ ọ́! Èmi náà á ní, 'Bá mi kí wọn.' Lánàá mo ń bá alátà sọ̀rọ̀ lójú títì, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹnu èmi ló ti ń jáde."

Mo ní kí Olúwa ṣàánú wa. 

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, fóònù Àmọ̀kẹ́ bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Saifudeen, tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó. Saifudeen tú u palẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, èyí mumi ju ẹja lọ." Òjò dé, ìrọ̀lẹ́ sì ń lọ. Àmọ̀kẹ́ ní kó yára, ọmọ kan ń retí òun.

"Ẹ ní kó ṣe sùúrù. Fóònù tó tú ká báyìí, ta ló fẹ́ pè?"

Àmọ̀kẹ́ fi fóònù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wọ inú òjò lọ. Gbogbo ọ̀nà ló ń ro irọ́ tó máa pa. Nígbà tó dé, Tómisìn jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ti jẹun, ó ti fọ àwo.

Ó ní, "Ẹ kú òjò, Àǹtí. Mọ́mì ti pè."

Àmọ̀kẹ́ ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n kì mí."

Ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì ara rẹ̀, pẹ̀lú ìdúró díẹ̀ díẹ̀ tí Fèyíkẹ́mi máa ń dúró: "Àwẹ̀ró, ọmọ a-fi-abẹ-kọ̀wé-sára-igbá. Ọmọ abẹ-rìn-kò-ṣìnà. Ọmọ a-gbé-igbá-ọba-má-kọsẹ̀. Ọmọ igbá tó fọ́ tí omi inú rẹ̀ kò dà." Ó tún ní, "Wọ́n ní ohùn yín ti ń há, Àǹtí. Wọ́n ní kí ẹ sinmi."

Ó na fóònù tọ́ọ̀ṣì náà sí i. "Wọ́n ní kí n fún yín."

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò retí ìpè mọ́.

Èmi ni mo bá Àmọ̀kẹ́ pe James. Ó búra pé òun ò pe ọmọ. Yàtọ̀ sí òun àti Àmọ̀kẹ́, Fèyíkẹ́mi nìkan ló ní nọ́ńbà náà, fóònù tirẹ̀ sì wà ní pípa nínú kọ́bọ́ọ̀dù James. Mo lọ bá Saifudeen ní Sábó. Ó ní fóònù Àmọ̀kẹ́ wà ní títú lórí tábìlì òun títí òun fi tilẹ̀kùn. Mo wá ní ẹnikẹ́ni ò pè é, ọmọ náà ló fi ọgbọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ "ọmọ ọdẹ" ló ti mọ̀ pé kì í ṣe ìyá òun; ìyá rẹ̀ ò ní ki ọmọ afíngbá ní oríkì ọdẹ láéláé. Oríkì tí wọ́n sì fi ń jí i látìgbà tó ti wà níkòókó, kí ló dé tí kò ní mọ̀ ọ́n? Mo di èrò yìí mú ṣinṣin. Mo ka oríkì náà fún James, kó lè bá mi dì í mú.

James ní, "Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, kò sí nínú tiwa. Mọ́mì Philip, nílé wa, a kì í fi igbá fífọ́ sínú oríkì. Èèwọ̀ ni. Fèyíkẹ́mi mọ̀. Ọmọ yẹn náà mọ̀."

Nígbà tí ọmọ náà ṣe ìdánwò tán, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa padà sílé-ẹ̀kọ́, James wá láti mú un lọ, kó sì túfọ̀ fún un. Ó jókòó. Tómisìn bu omi wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ mu omi, Dádì. Mo ti di ẹrù mi." Nígbà tó wá sọ ọ́ tán, ọmọ náà ní, "Ẹ kú ìtọ́jú wọn." Ó bi í níbi tí wọ́n sin ín sí. Kò bi í ní nǹkan mìíràn, títí di òní.

Tómisìn ti dàgbà. Ó ti ríwé wọ yunifásítì níhìn-ín lọ́dún yìí, James sì ní ọ̀dọ̀ Àmọ̀kẹ́ ni kó máa gbé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń bọ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Àmọ̀kẹ́ jókòó tì mí lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo èèyàn ti jáde. Ó ní òun ti fọ yàrá fún un, òun ti ra tìmùtìmù tuntun. 

"Tó bá jẹ́ pé ọmọ yẹn ló mọ̀," ó ní, "á jẹ́ pé mo fi ọmọ ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ kó dá ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ilé òfìfo, kó sì tún máa tu èmi nínú. Tó bá sì jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n mi ni…" 

Mo ní, "Èwo lo fẹ́ kó jẹ́?"

"Mọ́mì Philip, èwo lẹ̀yin fẹ́ kó jẹ́?"

Mo wo orí pẹpẹ. 

Ó di ọwọ́ mi mú. "N ò lè bá a gbé láìmọ̀, n ò sì lè bi í. Ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́ fún un nípa rédíò ọjọ́sí, kò gbàgbé. Ẹ jọ̀wọ́, tó bá ti dé, ẹ bá mi pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í pé ta ló kì í."